Oyin Tí Mo Fún Bàbá Yín Mu Lọ́jọ́ Àwòrán

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n, ẹni tó kọ́kọ́ sọ mí di ìyá,

Ìyàwó àbúrò rẹ ti bí o, obìnrin ni, irun sì kún orí ọmọ náà bí ẹni pé ó ti lo ọdún méjì níbi tó ti ń bọ̀. Ọmọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkóríta ti gbé ọmọ olùkọ́ wa níyàwó, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, nítorí pé táyà kẹ̀kẹ́ tó fi ń gbé ìyàwó lọ sílé jò lójú ọ̀nà, ọkọ ìyàwó wà nílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ó ń lẹ táyà. Agbẹ̀bí àtijọ́, èyí tó gbẹ̀bí rẹ, náà ti lọ́kọ ní ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ó ní gbogbo ayé òun ni òun fi gba ọmọ fún ẹlòmíràn, kí ẹnìkan wá gba òun náà mọ́ra. Ewúrẹ́ mi bí mẹ́ta. Mo kà á mọ́ wọn nítorí pé ìbí ni ìbí ń jẹ́.

Báwo ni ọkọ rẹ, báwo ni iṣẹ́ àṣekúdórógbó yẹn? Báwo ni ọmọ-ọmọ mi, ìyá kékeré, tó máa ń béèrè ohun tí àgbà kò lè dáhùn? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Ẹ kò ní fẹsẹ̀ kọ lójú títì, ẹni tó ń ru ìròyìn burúkú kiri kò ní mọ ẹnu ọ̀nà yín. Àmín.

Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ èyí. Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa ní òun fẹ́ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́, mo ní rárá, ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Nítorí náà, bí o bá rí àmì tó jókòó sórí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀, fi orí jì mí, bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ló fi jókòó.

Mo mọ̀ pé èsì àwòrán bàbá yín ni ojú rẹ ń wá. Bàbá yín wà láàyè, wọ́n sì jẹun láàárọ̀ yìí. Fi ìyẹn tẹ́ ọkàn rẹ ná. Mo fẹ́ kí o ka ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe tò ó, nítorí pé bí mo bá kọ́kọ́ sọ ìparí rẹ̀, o kò ní ka ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an ni mo sì jókòó kọ. Ṣé o rántí ọjọ́ tí èmi àti bàbá yín lọ fún àwòrán, tí a padà wálé lọ́wọ́ òfo, tí mo sọ fún ọ lórí fóònù pé iná ló lọ ní ilé ìwòsàn? Iná kò lọ. Iná ibẹ̀ kì í lọ. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́, mo wá di ẹ̀bi rẹ̀ ru iná. N kò lè sọ èyí lórí fóònù wa, nítorí fóònù yìí kò ní àṣírí. Bí o bá gbàdúrà fún mi níbẹ̀, gbogbo ilé ló ń bá mi ṣe Àmín.

Jẹ́ kí n ti ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà ṣe sọ ọ́ fún wa nígbà náà nìyí. Jẹjẹrẹ wà ní gògóńgò bàbá yín, ó sì ti ran kókó kan ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó fa òògùn líle sínú iṣan wọn, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín ọ̀kan sí èkejì, lẹ́yìn náà ni a ó ya àwòrán, kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí àbúrò rẹ mú wọn lọ yà kí òògùn tó bẹ̀rẹ̀. Bí àwòrán bá fi hàn pé jẹjẹrẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òògùn, iná kan tí a kì í fojú rí ni a ó fi parí iṣẹ́, gògóńgò yóò sì wà ní ipò rẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá ṣorí kunkun, a ó gé gògóńgò kúrò, ihò kan ní ọrùn ni bàbá yín yóò máa fi mí, ohùn tí a mọ̀ mọ́ wọn yóò sì lọ tí kò ní padà.

Bàbá yín! Ẹni tí gbogbo abúlé ń pè ní Rédíò. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, tó kó ìṣó mẹ́fà sẹ́nu, tó sì ń ti àárín ìṣó sọ ìtàn. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n panu mọ́ díẹ̀, kí n lè gbọ́ ohun tí àwọn oyin mi ń sọ nínú àpótí wọn. Lọ́jọ́ tí dókítà ní ó ṣeé ṣe kí ilé wa dákẹ́, mo dé ilé, mo lọ jókòó sí ìdí àwọn àpótí náà, mo sì rí i pé oyin kò ní ọ̀rọ̀ kan tó tó nǹkan lẹ́nu.

Ìgbà yẹn ni ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pé kí bàbá yín máa sọ ìtàn sínú fóònù, kí ohùn wọn má baà sọnù fún ọmọ-ọmọ wa. Mo ní ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú fóònù náà kò ṣiṣẹ́. Irọ́ kejì nìyẹn. Mo fi aṣọ wé e, mo sì tì í sínú ìkòkò tí n kò lò mọ́. Ìgbà tí mo bá fẹ́ pè ọ́ nìkan ni mo ń yọ ọ́. Ohun tí mo rò ni pé ohùn tó kù ní ọ̀fun bàbá yín kò pọ̀ mọ́, ó ti ń ha bí ayùn tí ẹnu rẹ̀ kú, bí a bá sì ń bù ú sínú fóònù lójoojúmọ́, kí ni yóò kù fún wọn láti fi bá mi jà? Èmi tí mo ń ta oyin mọ̀ pé ohun tí a bá ti bù sínú ìgò ti kúrò nínú agbada.

Lọ́jọ́ tí òògùn kẹta parí, nọ́ọ̀sì ní bí a bá ń bọ̀ fún àwòrán, bàbá yín kò gbọ́dọ̀ jẹ ohunkóhun fún wákàtí mẹ́fà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ mu ohun tó dùn, omi lásán nìkan. Mo béèrè pé irú àwòrán wo ló ń ka oúnjẹ mọ́ ènìyàn lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì yìí, ọmọbìnrin gíga kan tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná, fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀rọ tí àwọn ń pè ní Pẹ́ẹ̀tì kì í ṣe kámẹ́rà tí ń wo ojú. Ó ní jẹjẹrẹ tó wà láàyè fẹ́ràn ṣúgà ju ọ̀pọ̀ ẹran ara tó yí i ká lọ, ọ̀jẹun ni. Àwọn á po ṣúgà díẹ̀ mọ́ ohun kan tó ń tàn, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò rí ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ rí, àwọn á sì fi abẹ́rẹ́ gún un sínú iṣan. Ibi tí jẹjẹrẹ bá fara pamọ́ sí, yóò sáré jẹ ẹ́, jíjẹ rẹ̀ ni yóò sì tú àṣírí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni yóò máa tàn yòò nínú àwòrán. Bí òògùn bá ti pa á, òkú kì í jẹun, ibẹ̀ yóò ṣókùnkùn.

Ọmọ mi, ẹnu mi kò lè pa dé. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Mo rò pé òwe yẹn kò ní yẹ̀ láéláé. Mo wá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ọmọ tí mo lè bí ń sọ fún mi pé àwọn ti ṣe ẹ̀rọ tó ń mọ alángbá tí inú ń run, tó sì ń mọ ibi tí ó ti ń run ún.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé mo mọ ọgbọ́n náà tẹ́lẹ̀. Bí èèrà bá wọ yàrá tí mo ń kó oyin sí, n kì í wá ihò wọn kiri. Ẹ̀kán oyin kan ni n ó kán sí àárín ilẹ̀, n ó jókòó. Wọn á wá, wọn á jẹ, wọn á máa padà lọ, n ó sì tẹ̀lé wọn dé ẹnu ihò. Mo sọ èyí fún nọ́ọ̀sì, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá gbọ́, ó ní ìyá yìí ti fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Orí mi wú. Mo rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn jáde bí ẹni tó gba oyè. Orí tó wú náà ni èrò burúkú rí gùn, nítorí mo tún mọ ohun kan nípa èèrà tí n kò sọ fún nọ́ọ̀sì: èèrà tó ti yó kì í wá sí ìdí ẹ̀kán oyin.

O ti mọ ibi tí mò ń lọ. Àkọ́bí mi ni ọ́.

Lọ́jọ́ àwòrán, mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì bàbá yín títí ó fi lè dá dúró, mo fi òróró pa orí wọn tí òògùn ti fá irun rẹ̀ tán, ó ń dán gbinrin. Mo ní ẹni tó ń lọ ya àwòrán kì í lọ bí ẹni tó ń lọ sóko. Mo sì fi ìgò oyin kan sí ìsàlẹ̀ báàgì mi, oyin àkọ́fún gan-an, èyí tí n kì í tà.

A dé ibẹ̀, akọ̀wé fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní ṣé kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní kó fi bíírò sílẹ̀, mo ti ṣe ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ní kíláàsì àgbà. Fọ́ọ̀mù náà béèrè pé ṣé irin wà lára aláìsàn. Mo kọ ọ́ pé: ìṣó mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ni, kì í gbé wọn mì. Ó béèrè ohun tí mo jẹ́ sí aláìsàn. Mo kọ ọ́ pé: èmi ni ó ń bá jà. Ó wá béèrè ohun tí aláìsàn jẹ kẹ́yìn àti aago tó jẹ ẹ́. Mo kọ ọ́ pé: omi lásán. Mo kọ ọ́ dáadáa, àmì orí rẹ̀ pé, olùkọ́ mi ìbá pàtẹ́wọ́. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ fún àwọn ará ìta láyé mi, irọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo yọ ìgò. Bàbá yín ní ṣebí omi nìkan ni nọ́ọ̀sì ní kí àwọn mu. Mo ní kí ni oyin bí kò ṣe omi òdòdó. Wọ́n wò mí. Ọkọ tó bá ti bá obìnrin gbé fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta mọ ìgbà tí kò yẹ kí òun béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n gbé ìgò náà sẹ́nu, wọ́n mu ún ju ìdajì lọ, díẹ̀ sì kán sí irùngbọ̀n wọn, ìwọ̀nba èyí tí òògùn ṣẹ́ kù.

Nọ́ọ̀sì gíga yẹn pè wá wọlé láìpẹ́. Ó gún bàbá yín ní ìka, ó fi ẹ̀jẹ̀ náà sí ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan, ó wò ó, ó nu ìka mìíràn, ó tún gún un. Ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga jù, ó ní kí ni wọ́n jẹ. Mo ní kó wo fọ́ọ̀mù. Ó ní òun ti wò ó. Mo ní bóyá ebi ló ń pa ẹ̀rọ náà. Ó yíjú sí bàbá yín, bàbá yín sì gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà bí káfíńtà tó fẹ́ díye lé e. Rédíò tí kò kú rí, lọ́jọ́ náà ló kú.

Ìgbà yẹn ni èèrà jáde. Èèrà kan ṣoṣo, dúdú, láti inú yàrá oyin mi nílé, ó ti bá ìgò wọ ọkọ̀ wá. Ó gun kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ yẹn, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò wọ̀tún, kò wòsì, ó gba ọrùn, ó dé irùngbọ̀n, ó dúró. Nọ́ọ̀sì wò ó. Ó wò mí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká máa tẹ̀lé èèrà dé ẹnu ihò?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lọ tó wákàtí kan.

Ìbá pariwo mọ́ mi, ì bá sàn. Kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní ká ní ó bọ́ sí i fún mi ńkọ́? Ká ní ṣúgà tó kún ara bàbá kò jẹ́ kí jẹjẹrẹ jẹ tiwọn dáadáa, kí àwòrán sì ṣókùnkùn? Ó ní àwọn ìbá yọ̀, àwọn ìbá ní iṣẹ́ òògùn ti dára, jẹjẹrẹ ìbá sì wà láàyè nínú òkùnkùn tí èmi fi bò ó, kó máa jẹun lọ. Ó ní, Ìyá, ẹ rò pé ohùn bàbá lẹ̀ ń gbà là, ẹ̀mí bàbá lẹ fẹ́ fi san án. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, ìyẹn la mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi fi ọwọ́ ara mi gbé oúnjẹ lọ bá kòkòrò náà nídìí ẹ̀fọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí a padà wá ní ọjọ́ kẹrin. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni lójú mi. Ó ní kí n fi ìyókù oyin náà sínú báàgì kí n tó fi mú gbogbo èèrà abúlé wá fún àyẹ̀wò.

Nínú ọkọ̀, n kò lè wo ojú bàbá yín. A lọ, a lọ. A dé ibi tí ọ̀nà ti yà, wọ́n wá sún mọ́ mi, wọ́n ní, Olóyin, ó dùn o. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Wọ́n ní kí n má sunkún, bí ohùn bá lọ, àwọn yóò máa fi òòlù bá mi sọ̀rọ̀: bí àwọn bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, ebi ń pa àwọn, bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, èmi ni mo jẹ̀bi. Wọ́n ní, ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí bá lọ, ta ni yóò gbé òòlù? Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé kí àwòrán sọ ohun tó bá fẹ́ sọ. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́ pé: láti àná, omi nìkan. Mo tún kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: òtítọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ lọ́rùn bàbá yín, wọ́n fún wọn ní ẹ̀wù kan tó la ẹ̀yìn láti òkè délẹ̀, bàbá yín sì fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn mú, wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí akàn. Mo ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó gún ìka, ó wo ẹ̀rọ, ó ní ó ti dára.

Ọkùnrin kan wá gbé àpótí irin kékeré wọlé. Bó ti kéré tó, àpótí náà wúwo, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin lé orí síbí. Abẹ́rẹ́ tó ní ṣúgà tí ń tàn ló wà nínú rẹ̀. Mo na ọrùn títí n kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan, omi lásán ni lójú mi. Nọ́ọ̀sì wá sọ òfin tó kù: lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yìí, bàbá yóò dùbúlẹ̀ fún odidi wákàtí kan, wọn kò ní sọ̀rọ̀, wọn kò ní jẹ nǹkan lẹ́nu, wọn kò ní kọrin, nítorí pé ẹran ara tó bá ń ṣiṣẹ́ náà ń jẹ ṣúgà, bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, gògóńgò yóò tàn, a kò sì ní mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ló ń tàn ni tàbí jẹjẹrẹ. Ó wo bàbá yín, ó wò mí. Ó ní ṣé wọ́n á lè ṣe é? Mo ní, ọmọ mi, ẹ̀rọ yín ni kẹ́ ẹ múra sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gún abẹ́rẹ́ náà, ó fi kúbùsù bo bàbá yín, ó dín iná kù, èmi sì dúró níta níbi gíláàsì kékeré ara ilẹ̀kùn. Ó dára fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà kan, tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, jókòó sí ẹ̀yìn aṣọ tí a ta sí àárín, ó gbé fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ níta. Ó ní kò sí olè bíi káfíńtà. Ó ní ilẹ̀kùn tó bá ha, káfíńtà ló jẹ̀bi, ògiri kì í jẹ̀bi láé. Ó ní òun ti rí ilẹ̀kùn tí káfíńtà kàn lódì. Mo di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú. Mo rí i tí iṣan dìde níwájú orí bàbá yín. Mo rí i tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn ń jà lábẹ́ kúbùsù. Wọ́n gbé ìka kan sókè, ẹyọ kan, bí ẹni fẹ́ sọ pé ẹ jọ̀ọ́. Ìka náà dúró lókè. Wọ́n rọra gbé e sílẹ̀, wọ́n pajú dé. Wọn kò sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ti mọ ọkùnrin yìí, ìdí gíláàsì yẹn ni mo ti wá mọ bó ṣe wù wọ́n tó láti wà láàyè.

Ẹ̀rọ náà dàbí kànga funfun tí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ibùsùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé bàbá yín wọ inú rẹ̀ láti orí, ó ń rọra fà wọ́n bí ìgbà tí a ń ti pákó sẹ́nu ayùn, kò sì gé nǹkan kan. Nígbà tí a jáde, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má gbé ọmọ ọwọ́ mọ́ra títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì wà lára wọn. Inú wọn dùn jù. Bí a ti délé, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ fi epo ṣòfò, kí n gbé àwọn sí ipò fìtílà.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni a lọ gba èsì. Dókítà náà kéré sí ọ, ọmọbìnrin kúkurú, mo kọ́kọ́ ní kó lọ bá mi pe dókítà wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Pẹpẹ tí ọmọ yìí ń na ọwọ́ sí, èmi kò tiẹ̀ rí i. Ó gbé àwòrán méjì sójú gíláàsì kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èyí tí a yà kí òògùn tó bẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì: ní ọ̀fun bàbá yín, ẹ̀yinná kan ń jó, pupa, ó tóbi bí èékánná àtàǹpàkò, ẹ̀gbẹ́ ọrùn sì ní ọmọ rẹ̀ kan. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Mo wò ó, mo ní nǹkan tí ń jẹ ọkọ mi rèé, mo ti rí ọ lójúkojú.

Mo wo tọwọ́ ọ̀tún. Ọrùn ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n orí! Gbogbo orí bàbá yín ń tàn bí iná ọjà, nǹkan mìíràn sì ń tàn ní ìsàlẹ̀ ikùn. Mo ké pé, ó ti sá gòkè! Ó ti sá gòkè, ó tún sá sísàlẹ̀! Dókítà di èjìká mi mú. Ó ní kí n fara balẹ̀, ọpọlọ ni, ọpọlọ gbogbo ènìyàn ló ń jẹ ṣúgà tọ̀sán-tòru, bí a bá ya tèmi náà yóò tàn. Ti ìsàlẹ̀, àpò ìtọ̀ ni, ṣúgà tí ara kò lò ló ń bá ibẹ̀ jáde. Ó ní kí n wo àwòrán òsì dáadáa, orí tàn níbẹ̀ náà, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n rí i. Bàbá yín jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí orí ara wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n ni mo ti ń sọ pé kò sí nǹkan kan nínú orí yẹn. Ẹ̀rọ ti já mi nírọ́, ẹ̀rí sì wà.

Dókítà wá ní kí n fetí sílẹ̀. Ó ní òkùnkùn tí mo rí yìí kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ti tán, nítorí pé ẹ̀rọ kì í rí èyí tó bá kéré jù. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òògùn, ó gbọ́ ọ dáadáa. A kò ní gé gògóńgò. Iná tí a kì í fojú rí ni yóò tẹ̀lé e, ọ̀sẹ̀ méje gbáko, yóò sì le, ọ̀fun yóò dun wọ́n. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá lẹ́yìn rẹ̀, a ó tún ya àwòrán. Kò sí ìlérí ju ìyẹn lọ. Bàbá yín béèrè bóyá àwọn lè sọ̀rọ̀ báyìí. Ó ní wọ́n lè sọ ọ́. Àkọ́bí mi, láti ẹnu ọ̀nà dókítà dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, wọn kò sinmi, lórí ọ̀rọ̀ bíríkìlà àti ògiri wíwọ́, pẹ̀lú ohùn tó ń ha yẹn, awakọ̀ sì pa rédíò ọkọ̀ rẹ̀ nítorí kò sí àyè fún méjì. N kò ní kí wọ́n panu mọ́. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ọ.

Àwọn ará ilé ìwòsàn fún wa ní ohun pẹlẹbẹ róbótó kan tó ń dán, wọ́n ní àwòrán wà nínú rẹ̀. Mo ti wo iwájú, mo ti wo ẹ̀yìn, ojú ara mi nìkan ni mò ń rí. Mo gbé e kọ́ ògiri pàlọ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo bi nọ́ọ̀sì gíga yẹn ní ọ̀rọ̀ fóònù, bóyá ohùn tí a kó sínú rẹ̀ ń dín ti ọ̀fun kù. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ṣé iná fìtílà ń dín kù tí a bá fi tan òmíràn? Mo dé ilé, mo tú ìkòkò. Láti ìjẹta ni bàbá yín ti ń sọ ìtàn sínú fóònù, tí a sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ wa, kí iná ọ̀sẹ̀ méje tó bẹ̀rẹ̀, ti àga tó kọ̀ kí olówó jókòó lé òun, ti ilẹ̀kùn tó fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn òun. Ọkọ rẹ sì ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí pé fóònù ọmọ náà ti kún, kò gba ìtàn mọ́, pé owó ni a fi ń ra àyè kún un.

Dárí jì mí fún irọ́ méjèèjì. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o dàgbà tó èmi, kí o sì ní ẹni tí wàá bẹ̀rù àti pàdánù bí mo ṣe bẹ̀rù yìí, ṣùgbọ́n kí ọgbọ́n rẹ ju tèmi lọ. Ibi tí ìyá ti máa ń tọrọ owó ni lẹ́tà dé yìí, n kò tọrọ. Mo ti ta gbogbo oyin àkọ́fún tó kù nílé, títí kan ìyókù inú ìgò yẹn. N kò fẹ́ kó wà nítòsí mi nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé. Owó rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí. Fi ra àyè fún ọmọ-ọmọ mi, èyí tó fẹ̀ jù tí wọ́n bá ní, nítorí bàbá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Olùkọ́ wa ní kí a máa fi ọ̀rọ̀ kọ iye owó kí ẹnikẹ́ni má baà fi òdo kún un: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti igba.